Ibo ló yẹ ká kan hítà aláìnítáǹkì mọ́? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwọn tó ń gbé Ìbàdàn

Hítà aláìnítáǹkì kì í tọ́jú omi gbígbóná pamọ́. Omi ń gba inú rẹ̀ kọjá, ó ń gbóná bó ṣe ń lọ, bí ẹ bá sì ti pa ẹ̀rọ omi, iná rẹ̀ kú. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rà á torí pé kò gba àyè, kò sì sí pé èèyàn ń dúró dè é kó hó. Àmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn pé kò dáa, kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ ẹ̀rọ náà. Ibi tí wọ́n kàn án mọ́ ni. Ibi tí ògiri bá ti ṣófo ni wọ́n máa ń nàka sí. Omi ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi léèrè, lẹ́yìn náà iná, ògiri ló kẹ́yìn.

Kí ni mo gbọ́dọ̀ wò kí n tó mú owó lọ sọ́jà?

Omi tó ń jáde ní balùwẹ̀ yín. Ẹ tú orí ṣáwà kúrò, ẹ gbé garawa ọ̀dà oní lítà 20 sábẹ́ páìpù, ẹ ṣí i dé òpin, kí ẹ máa wo aago. Bó bá kún láàárín ìṣẹ́jú 5, lítà 4 ló ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn sì tó fún hítà 4.5kW (kW ni wọ́n fi ń wọn agbára iná tí hítà ń lò). Bó bá gba ìṣẹ́jú 8, lítà 2.5 péré ni. Àwọn hítà kan lè má tanná rárá, nítorí agbára omi ló ń ti súwíìṣì inú wọn. Ẹ tún un ṣe nígbà tí omi táǹkì bá ti lọ sílẹ̀, kí ẹnì kan sì ṣí ẹ̀rọ ilé ìdáná sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó kéré jù nínú gbogbo ohun tí ẹ bá wọ̀n ni kí ẹ fi ṣírò.

Bí balùwẹ̀ bá jẹ́ méjì, ẹ wọn méjèèjì. Ẹ lè rí i pé èyí tí ẹ fọkàn sí kọ́ ni omi rẹ̀ lágbára.

Táǹkì mi wà lórí sítáǹdì gíga. Ṣé ìyẹn kò tó ni?

Hítà ò mọ bí táǹkì ṣe jìnnà sí ilẹ̀ tó. Ohun tó mọ̀ ni àlàfo tó wà láàárín ìdí táǹkì àti orí ṣáwà. Bí sítáǹdì bá ga ní mítà 4, tí ṣáwà sì wà ní mítà 2, mítà 2 péré ni agbára omi yín. Wọ́n máa ń kọ èyí tí hítà ń fẹ́ sára páálí rẹ̀ tàbí sínú ìwé rẹ̀, ní MPa. 0.01 MPa jẹ́ mítà kan. Bí ẹ bá rí 0.03 MPa, mítà 3 ló ń béèrè, sítáǹdì tí a sọ yẹn ò sì ní gbé e.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ̀rọ̀ yìí ti máa ń ṣini lọ́nà jù. Wọ́n á gbé táǹkì sórí dẹ́ẹ̀kì, èèyàn á sì rò pé balùwẹ̀ òkè ló sún mọ́ ọn, òun ló máa jèrè. Òun gan-an ló máa ń pàdánù: àlàfo rẹ̀ lè má ju mítà kan lọ, nígbà tí ti ìsàlẹ̀ á tó mítà 4. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ kan hítà tí kò ní pọ́ǹpù sí. Bó bá jẹ́ òkè ni àwọn àgbàlagbà ilé ti ń wẹ̀, tí wọn ò lè máa sọ̀ kalẹ̀, ẹ ra èyí tó ní pọ́ǹpù nínú, tàbí kí ẹ kọ́kọ́ náwó sórí sítáǹdì.

Páìpù náà ń jẹ nínú agbára omi. Ẹ jẹ́ kí páìpù ¾ ínṣì sọ̀ kalẹ̀ láti táǹkì títí dé ògiri balùwẹ̀, kí ½ ínṣì má ju mítà méjì tó gbẹ̀yìn lọ. Bí wọ́n bá lo ẹ́líbò mẹ́fà níbi tí méjì ì bá ti tó, ẹ ní kí wọ́n tún ọ̀nà páìpù náà yà.

Inú balùwẹ̀ ni kó wà, àbí ara ògiri ìta?

Tí hítà oníná ni, ìyẹn èyí tó ń lo iná mànàmáná dípò gáàsì, inú balùwẹ̀ ló dáa jù, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí omi ṣáwà ti ń lù ú lójú. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ń wẹ̀, ẹ ṣí ṣáwà, kí ẹ wo ibi tí omi ń ta dé lára ògiri. Ẹ fi ó kéré tán 60cm kún un. Ògiri ẹ̀gbẹ́ máa ń dára ju ògiri tí orí ṣáwà wà lọ. Ẹ wo nọ́ńbà IP tó wà lára hítà: èyí tó bá parí sí 4 (bíi IPX4 tàbí IP24) lè gba omi tó ta sí i lára, èyí tó parí sí 5 lè gba omi tó ń tú sí i. Èyí tí kò bá kọ nǹkan kan sára, ẹ má gbé e wọ balùwẹ̀.

Ẹ jẹ́ kó wà ní nǹkan bíi mítà 1.5 sí ilẹ̀, kí ẹni tó ń wẹ̀ lè rí nọ́ńbà rẹ̀ láìnà gọngọ, kí ọwọ́ ọmọ kékeré má sì tó o. Kó dúró ṣánṣán. Bó bá tẹ̀, afẹ́fẹ́ á há sínú rẹ̀, irin tó ń mú omi gbóná á sì jó níbi tí omi ò dé. Súwíìṣì rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níta ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ọwọ́ tútù kò gbọdọ̀ kàn án.

Ògiri ìta ṣeé lò bí balùwẹ̀ bá há jù, bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ògiri ṣáwà gan-an ni, tí òrùlé sì yọ jáde bò ó dáadáa. Òjò àti oòrùn ọ̀sán ni ọ̀tá rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ ò sì ní lè yí iná rẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ti wọlé wẹ̀.

Ṣé ó burú bí hítà bá jìnnà sí ṣáwà?

Ó ń jẹ omi, ó sì ń jẹ àkókò. Páìpù PPR (ike líle tó ń gba omi gbígbóná) 20mm tó nípọn ń gba nǹkan bíi lítà 0.14 ní mítà kan. Bí hítà bá wà ní ilé ìdáná, tí balùwẹ̀ sì wà ní mítà 15, lítà 2 omi tútù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde kí gbígbóná tó dé. Bí lítà 4 bá ń jáde ní ìṣẹ́jú kan, ìdajì ìṣẹ́jú ni ẹ máa fi dúró. Bí páìpù náà bá jẹ́ 25mm, á lé ní lítà 3. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá pa ṣáwà láti fi ọṣẹ, omi inú páìpù yẹn ń tutù padà. Ẹ jẹ́ kí páìpù tó ti hítà lọ sí ṣáwà wà láàárín mítà kan sí mẹ́ta.

Ṣé ọ̀kan kò lè tó gbogbo ilé?

Tí oníná, rárá. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Omi táǹkì láàárọ̀ máa ń wà ní nǹkan bíi 25°C, a sì ń wẹ̀ ní 40°C. Láti mú lítà kan gbóná fún ìwọ̀n 15 yẹn ní ìṣẹ́jú kan, ẹ nílò nǹkan bíi 1.05kW. Nítorí náà 3.5kW ń fún yín ní lítà 3.3 ní ìṣẹ́jú kan, 4.5kW ń fún yín ní 4.3, 5.5kW sì ń fún yín ní 5.2. Bí ọyẹ́ bá mú, tí omi bọ́ sí 20°C, 4.5kW á bọ́ sí lítà 3.2. Balùwẹ̀ kan ni gbogbo ìyẹn. Balùwẹ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà ń béèrè iná tí mítà iná oní-fésì kan lè má gbé.

Ohun mìíràn wà tó tiẹ̀ le ju ìyẹn lọ. Bí páìpù kan náà bá ń bọ́ ṣáwà àti ilé ìdáná, tí ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ láti fọ abọ́, omi inú hítà á dín kù, àmọ́ iná rẹ̀ kò dín kù. Hítà 4.5kW tó ń fún ọmọ yín ní omi 40°C nígbà tí lítà 4.3 ń kọjá, á fún un ní 50°C bí lítà 2.6 bá ń kọjá. Omi yẹn ń jóni. Ẹ jẹ́ kí páìpù hítà ti ara táǹkì wá lọ́tọ̀.

Mo ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀. Ṣé mi ò lè kì í bọ̀ ọ́ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Hítà 3.5kW ń fa áńpù 15, 4.5kW ń fa bíi 20, 5.5kW ń fa 24, 6kW ń fa 26. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé jẹ́ ti áńpù 13. Kì í jó lọ́jọ́ kìíní, ìdí nìyẹn tó fi ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ẹ ó rí i pé ojú ihò rẹ̀ ti ń pọ́n bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi sun bọ̀ọ̀lì, ẹ ó máa gbóòórùn ẹja gbígbẹ tí kò sí nínú ilé. Ike tó ń yọ́ ni. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí iná, wáyà inú ògiri ti jó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì 15A tí wọ́n fi ń kan AC kò sàn jù ú lọ.

Láti ibi bọ́ọ̀dù bíréékà ni kí wáyà tirẹ̀ ti wá, kó má bá ohunkóhun pín. Wáyà 2.5mm ò gbọdọ̀ gbé ju 3.5kW lọ, ìyẹn bí bọ́ọ̀dù bá sún mọ́ ọn. 4mm ni fún 4.5kW àti 5.5kW. 6mm ni fún 6kW tàbí bí ọ̀nà bá jìn. Tí áńpù 20 bá rin mítà 25 lórí 4mm, fólítì 5 àti ààbọ̀ ló ń sọ nù lọ́nà, lórí 2.5mm, fólítì 9. Èyí wà lára ìdí tí ibi tí bọ́ọ̀dù wà fi yẹ kó kan ìpinnu yín: bí balùwẹ̀ méjì bá dọ́gba nípa omi, ẹ mú èyí tó sún mọ́ bọ́ọ̀dù.

Bíréékà 20A fún 3.5kW, 32A fún 4.5kW àti 5.5kW tó wà lórí 4mm. Súwíìṣì ẹnu ọ̀nà gbọ́dọ̀ gé fésì àti niútírà papọ̀. Irú 45A tí wọ́n ń lò fún kúkà ni ẹ wá, nítorí 20A máa ń wà ní bèbè lábẹ́ 4.5kW. Ẹ fi RCD 30mA kún un, ìyẹn èyí tó ń gé iná ní kété tí iná bá ń jò sínú omi tàbí sára èèyàn. Bíréékà lásán kò mọ ìyẹn. Wáyà ló ń dáàbò bò, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ́ẹ̀tì, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná tó bá jò lọ sínú ilẹ̀, ńkọ́? Bí ilé ò bá ní ẹ́ẹ̀tì, kò sí ibi tó dáa láti kan hítà oníná sí nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é. Ọ̀pá ẹ́ẹ̀tì oní mítà 1.2 ni wọ́n sábà máa ń rì mọ́lẹ̀. Níbi tí àpáta bá ti wà nítòsí, ẹ lè nílò méjì tàbí mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀. Ẹ rì í síbi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù, torí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa. Oníṣẹ́ iná tó ní ìwé ẹ̀rí NEMSA (àjọ ìjọba tó ń bójú tó ààbò iná mànàmáná) ni kí ẹ gbé iṣẹ́ yìí fún.

Iná IBEDC àdúgbò wa kì í lágbára. Ṣé hítà á ṣiṣẹ́?

Á ṣiṣẹ́, àmọ́ kì í ṣe bí páálí ṣe wí. Bí fólítì bá bọ́ láti 230 sí 180, agbára hítà kì í dín ní ìdá márùn-ún lásán: ó ń bọ́ sí nǹkan bí ìdá 61 nínú ọgọ́rùn-ún. 4.5kW á di 2.75kW, lítà 2.6 ló sì máa lè mú gbóná ní ìṣẹ́jú kan. Omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́ ni ẹ máa rí, ẹ ó sì máa bínú sí ẹni tó tà á fún yín. Ẹ wọn fólítì ní aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò ń lọ aṣọ, kí ẹ tó ra ohunkóhun. Bí kò bá pé 190, ẹ wo ti onígáàsì.

Ẹ rántí wákàtí iná náà. Band A ni wọ́n ń ṣèlérí ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́ fún, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Hítà oníná fún ilé tó wà ní Band D túmọ̀ sí pé ìgbà tí iná bá wà lẹ ó máa wẹ̀.

Ṣé ínfátà tàbí jẹnẹrétọ̀ lè gbé e?

Ínfátà 3.5kVA á pariwo, á sì kú. 5kVA lè gbé 3.5kW bí nǹkan mìíràn ò bá sí lórí rẹ̀, àmọ́ bátìrì yín ló ń lọ. Ẹ jẹ́ kí wáyà hítà wà lápá bọ́ọ̀dù tí ínfátà ò dé. Jẹnẹrétọ̀ kékeré kò kàn án rárá, 4.5kW ń fẹ́ tó 6kVA tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo fẹ́ ti onígáàsì. Ibo ni kí n gbé e sí?

Ìta. Kì í ṣe balùwẹ̀, kì í ṣe yàrá, kì í ṣe kọ́rídọ̀ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Hítà tó ń jó gáàsì níbi tí afẹ́fẹ́ ò tó ń tú kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, orí fífọ́ àti oorun ló fi ń mú èèyàn, ẹni tó wà nínú balùwẹ̀ tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra sì lè má tún jáde. Fèrèsé kékeré tó wà lókè ògiri kò tó láti gba ẹ̀mí là. Lórí èyí, a ò ní gbà fún ẹnikẹ́ni pé ti òun yàtọ̀.

Ara ògiri ìta, lábẹ́ ibi tí òrùlé ti yọ jáde, ni ààyè rẹ̀. Ó kéré tán mítà kan sí fèrèsé, ilẹ̀kùn àti ihò afẹ́fẹ́ èyíkéyìí. Ẹ fi 60cm sílẹ̀ lókè rẹ̀, pàápàá bí àjà ìta bá jẹ́ PVC, nítorí ooru á yọ́ ọ. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn. Bí ẹ bá ní ògiri méjì tẹ́ ẹ lè lò, ẹ mú èyí tí kò kọjú síbẹ̀, kí atẹ́gùn má máa pa iná rẹ̀ nígbà tí ẹ nílò rẹ̀ jù.

Sílíńdà gbọ́dọ̀ dúró lóòró, níta, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ó máa ń ṣàn lọ síbi tó bá rẹlẹ̀. Ẹ má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, ojú sokéwéè tàbí ẹnu kànga. Lẹ́yìn tí wọ́n bá so rọ́bà rẹ̀, ẹ po ọṣẹ, kí ẹ fi ìfófòó rẹ̀ pa gbogbo oríkèé: ibi tó bá ń wú bí ojú àkàrà nínú epo, ibẹ̀ ló ń jò.

Èrè rẹ̀ pọ̀ ní Ìbàdàn. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńlá méjì ló fi ń ṣáná, nítorí náà NẸ́PÀ lè mú iná lọ, ẹ ó ṣì wẹ omi gbígbóná. Èyí tó jẹ́ lítà 6 ń jó nǹkan bíi kílò kan gáàsì ní wákàtí kan bí wọ́n bá tàn án dé òpin, ìyẹn bíi gíráàmù 160 fún ìwẹ̀ ìṣẹ́jú 10. Sílíńdà 12.5kg á tó ìwẹ̀ 75 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbára omi tó ń fẹ́ kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti oníná, ẹ má fo ìdánwò garawa.

Páìpù PVC funfun ló wà nínú ilé mi. Ṣé ó bàjẹ́?

Èyí tó ń gbé omi tútù wá sínú hítà, kò burú. Èyí tó ti hítà jáde ni kò gbọdọ̀ jẹ́ PVC lásán: ooru ń rọ̀ ọ́, gọ́ọ̀mù oríkèé rẹ̀ á sì jọ̀wọ́ ara rẹ̀. Ẹ lo PPR tàbí rọ́bà onírin tó ń tẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí púlọ́ńbà fi ẹ̀rọ títì sí ẹnu ibi tí omi gbígbóná ti ń jáde nínú hítà ṣáwà kékeré. Ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n ṣe kí ẹnu yẹn máa ṣí sílẹ̀ nígbà gbogbo. Bí ẹ bá dí i, inú rẹ̀ á wú, á sì bẹ́. Ibi tí omi ti ń wọlé ni ẹ̀rọ títì ń gbé.

Omi bọ́hóòlù ni mò ń lò, ó máa ń pọ́n díẹ̀. Ṣé ó kan ibi tí màá gbé e sí?

Ó kàn án gan-an, torí ẹ ó máa tú u. Omi ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò wa ní irin nínú, táǹkì sì máa ń kó iyanrìn jọ sísàlẹ̀. Asẹ́ kékeré kan wà lẹ́nu ibi tí omi ti ń wọ hítà, kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí ẹ bá tú u lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ ó rí ẹrẹ̀ pupa tó lẹ̀ mọ́ ọn bí osùn, pẹ̀lú ẹ̀rún páìpù tí ayùn já sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ àti omi mímọ́ ló máa fọ̀ ọ́. Bí hítà bá ti sún mọ́ igun ògiri jù, tí ọwọ́ ò lè wọ abẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọ asẹ́ yẹn láé. Ẹ fi ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, àti 30cm lábẹ́ rẹ̀.

Ṣé mo lè gbé e pamọ́ sókè àjà?

Rárá. Ooru páànù, eku tó ń jẹ wáyà, àti omi tó máa jò fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ẹ tó rí àmì rẹ̀.

Ilé amọ̀ àtijọ́ ni tiwa, lápá Bẹẹrẹ. Ṣé ògiri á gbé e?

Hítà oníná kì í wúwo, kílò méjì tàbí mẹ́ta ni. Àmọ́ ráwùlù ò ní di amọ̀ mú. Ẹ lu ihò já sí òdìkejì, ẹ fi bóòtù gígùn kọjá, kí ẹ fi pátákó gbá a mú lẹ́yìn. Ohun tó yẹ kó ká yín lára jù ni wáyà àtijọ́ àti ẹ́ẹ̀tì, kì í ṣe ògiri.

Ayálégbé ni mí. Ṣé ó tọ́ kí n ná an?

Ẹ sọ fún onílé kí ẹ tó fọ́ táìlì kankan. Ẹ jẹ́ kí wáyà gba inú páìpù ike lára ògiri, kí ẹ lè tú u nígbà tí ẹ bá ń kó lọ.

Èló ni ìwẹ̀ kan máa ná mi?

Garawa lítà 20, láti 25°C sí 40°C, jẹ́ nǹkan bíi yúníìtì 0.35. Bí yúníìtì kan bá jẹ́ ₦200, ₦70 nìyẹn. Ìwẹ̀ ṣáwà ìṣẹ́jú 8 lórí 4.5kW jẹ́ yúníìtì 0.6, ìyẹn ₦120. Ẹ fi iye tí yúníìtì jẹ́ ní Band tiyín rọ́pò ₦200.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá kàn án, kí ló yẹ kí n dúró wò?

Kí púlọ́ńbà ṣe tirẹ̀ tán kí oníná tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀dù. Ṣáájú kó tó so páìpù mọ́ hítà, kó ṣí omi sínú garawa kí lítà 20 kọjá, kí iyanrìn àti ẹ̀rún ike bá a lọ. Lẹ́yìn náà kó so ó, kó sì jẹ́ kí omi gba inú hítà kọjá láìsí iná, títí omi ò fi ní máa tutọ́ afẹ́fẹ́ mọ́. Ìgbà yẹn nìkan ni kí iná wọlé. Bí iná bá ti wọlé kí omi tó kún un, irin inú rẹ̀ lè jó láàárín ìṣẹ́jú àáyá, ẹni tó tà á ò sì ní gbà á padà.

Ẹ tẹ bọ́tìnì ìdánwò tó wà lára RCD. Ó gbọ́dọ̀ já lójú ẹsẹ̀. Ẹ wá jẹ́ kí hítà ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ gé bíréékà, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ojú súwíìṣì. Bó bá lọ́ wọ́ọ́wọ́ọ́, kò burú. Bí ẹ bá ní láti yára fa ọwọ́ sẹ́yìn, nọ́ọ̀tì kan ò fún: kí oníná tú u, kó fún un kó tó gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Kó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí wáyà bàbà máa ń rọ̀ díẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tì lẹ́yìn tó bá ti gbóná tó sì tutù nígbà mélòó kan.